Bí Dókítà Bá Ní Òun Yóò Gé Awọ Itan Ọmọ

Iná àti omi gbígbóná ni ọ̀rọ̀ wa kàn ní oṣù yìí. Wọ́n wúlò fún wa púpọ̀ nínú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kò pẹ́ kí wọ́n tó di ọ̀tá ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ ọdún 2 fa ìkòkò ẹ̀kọ gbígbóná lulẹ̀, tí ó sì dà sí i lápá títí dé ìgúnpá. Ọ̀sẹ̀ 2 kọjá, ọgbẹ́ kò jinná. Dókítà wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ gé awọ ní itan ọmọ náà láti fi bo ojú ọgbẹ́. Ìyá bú sẹ́kún, ó ní: “Ọgbẹ́ kan kò tíì san, ẹ tún fẹ́ dá òmíràn sí i lára? Bí awọ ni ẹ ń wá, ẹ gé tèmi!” Abiyamọ wo ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn, ó yẹ kí ó mọ ohun tí dókítà fẹ́ ṣe.

Awọ ara wa ní ìpele. Bí iná kò bá jó ju òkè lọ, awọ tuntun yóò hù láti ìsàlẹ̀. Bí ó bá jó gbogbo rẹ̀ tán, etí ọgbẹ́ nìkan ni awọ ti lè máa hù wá, díẹ̀díẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá sì pẹ́ ní ṣíṣí sílẹ̀, kòkòrò àrùn a máa wọ̀ ọ́, àpá rẹ̀ a sì máa sún kì. Àpá tí ó sún kì ní ìgúnpá a ká apá kò. Ti ọrùn a fa àgbọ̀n mọ́ àyà. Ti ọwọ́ a lẹ àwọn ìka pọ̀. Nítorí èyí ni dókítà kò ṣe fẹ́ dúró pẹ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1869 ni Jacques-Louis Reverdin ti fi ègé awọ kéékèèké wo ọgbẹ́ ní ìlú Paris. Lónìí, wọn yóò kọ́kọ́ fi oògùn kun ọmọ lóorun. Dókítà yóò wá họ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan. Kò ní gé e dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, itan yóò tún awọ tirẹ̀ hù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Nígbà mìíràn, wọn a dá ihò wẹ́wẹ́ sí awọ náà bí àwọ̀n, kí ó lè fẹ̀ sí i, kí omi sì lè rí ọ̀nà jáde lábẹ́ rẹ̀.

Fún ọjọ́ bí 2 àkọ́kọ́, omi ojú ọgbẹ́ ni awọ náà ń mu. Lẹ́yìn náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀. Bí ó bá fi di ọjọ́ 5 sí 7, ó yẹ kí ó ti mú. Bí a bá tú báńdéèjì wò, tàbí bí ọmọ bá ń ju apá, awọ lè ṣí, a ó sì ní láti tún iṣẹ́ ṣe.

Kí ló dé tí wọn kò gba awọ ìyá? Ní ọdún 1943, Peter Medawar àti Thomas Gibson ṣàlàyé láti ìlú Glasgow pé ara a máa kọ awọ ẹlòmíràn, bí a bá sì tún fi í lé e lẹ́ẹ̀kejì, kíkọ̀ náà a tún yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Medawar wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1960 nítorí irú iṣẹ́ yìí. Awọ ìyá lè bo ọgbẹ́ ńlá fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dúró. Àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá nìkan ni awọ wọn lè mú lára ara wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbejì ilẹ̀ Yorùbá, inú ẹyin méjì ni wọ́n ti wá.

Òtítọ́ ni pé ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ṣùgbọ́n apá tí ó ní àpá, tí ó sì ń nà dáadáa, sàn ju apá tí ó ká kò lọ. Nítorí náà, ẹ máa mú ọmọ padà lọ fún àyẹ̀wò bí ó ti ń dàgbà, kí ẹ sì máa bá a na apá bí wọ́n bá ti kọ́ yín.

Bí iná bá ṣèèṣì jó ọmọ, ẹ da omi tútù sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìdáwọ́ dúró. Kì í ṣe omi dídì. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá sì dárúkọ awọ itan níbẹ̀, ẹ béèrè gbogbo ohun tí ó bá rú yín lójú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ọmọ sá lọ.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.