Ṣé Ètò Àwọn Ikọ̀ Ló Ń Ba Adùn Ìdíje Kẹ̀kẹ́ Jẹ́?

Ní ọdún 2027, Tour de France yóò gbéra láti ìlú Edinburgh ní Scotland. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń gbé ní Britain yóò lè rí àwọn agun-kẹ̀kẹ́ náà nítòsí, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ẹ fẹ́ jókòó wo eré kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Ó ṣeé ṣe kó bi yín pé: "Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣebí ikọ̀ tó lágbára jù ti pín ẹran náà kí wọ́n tó pa á."

Ẹ̀sùn yìí ti pẹ́, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó fẹ́ràn eré náà gan-an ló ń fi í kàn án jù. Wọ́n ní ètò ti pọ̀ jù, ìgboyà ti dínkù, kọ̀ǹpútà ló sì ń gun kẹ̀kẹ́ báyìí, kì í ṣe ènìyàn. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Atẹ́gùn ni ọ̀gá

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ bí eré náà ṣe ń lọ. Ọ̀tá àkọ́kọ́ tí agun-kẹ̀kẹ́ ní lórí ilẹ̀ títẹ́jú kì í ṣe ẹni tí wọ́n jọ ń sáré. Atẹ́gùn ni. Ẹni tó wà níwájú ló ń fi àyà gba atẹ́gùn. Ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tirẹ̀ pamọ́. Ìdí nìyí tí àwọn agun-kẹ̀kẹ́ fi ń rìn pọ̀ ní agbo ńlá kan, bí ẹyẹ tó ń ṣí lọ.

Ìdí nìyí náà tí ẹnì kan kò fi lè dá gba Tour de France. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agun-kẹ̀kẹ́ mẹ́jọ. Ọ̀kan ni olórí, àwọn méje tó kù sì ń ṣiṣẹ́ fún un. Wọ́n ń bá a gba atẹ́gùn, wọ́n ń gbé omi wá fún un láti inú ọkọ̀ ikọ̀, bí táyà rẹ̀ bá sì jò, ọ̀kan nínú wọn lè yọ tirẹ̀ fún un. Àwọn Faransé ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní domestique. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu gẹ́lẹ́: ọmọ-ọ̀dọ̀, ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tó sì ń ṣiṣẹ́ fún un. Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Nínú eré yìí, ọwọ́ àwọn méje ló ń gbé adé lé orí ẹnì kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ètò kì í ṣe àlejò nínú eré kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá yọ ètò kúrò, eré mìíràn ni ẹ ń wò.

Ọdún mẹ́jọ Team Sky

Síbẹ̀, ikọ̀ kan wà tó gbé ètò débi tí ẹnì kan kò gbé e dé rí. Ní ọdún 2010 ni Team Sky bẹ̀rẹ̀ ní Britain. Láti 2012 títí di 2019, wọ́n gba Tour de France lẹ́ẹ̀méje nínú mẹ́jọ. Bradley Wiggins gbà á ní 2012. Chris Froome, tí wọ́n bí ní Nairobi ní Kenya, gbà á ní 2013, 2015, 2016 àti 2017. Geraint Thomas gbà á ní 2018. Egan Bernal, ọmọ Colombia, gbà á ní 2019, nígbà tí orúkọ ikọ̀ náà ti di Ineos. Ọdún 2014 nìkan, tí Froome ṣubú tó sì fi ìdíje sílẹ̀, ni Vincenzo Nibali ọmọ Ítálì rí i gbà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ wọn á tò síwájú bí ọkọ̀ ojú irin, olórí á sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á sáré títí agbára rẹ̀ yóò fi tán, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni kejì á gbà á. Lórí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń fi nọ́ńbà sọ iye agbára tí ẹsẹ̀ ń lò. Wọ́n mọ nọ́ńbà tí ara lè gbà títí dé orí òkè. Bí ẹnì kan láti ikọ̀ mìíràn bá sá jáde, wọn kò ní lé e tagbáratagbára. Wọ́n á kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé eré tó ń sá yẹn ju ohun tí ara lè gbà lọ. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bá a.

Ọgbọ́n ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sílé ń wò ó rí ìrù kan náà, àwọ̀ aṣọ kan náà, láti ìsàlẹ̀ òkè dé orí rẹ̀. Ní 2012, lórí òkè La Toussuire, ohun kan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Froome, tó jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ Wiggins lọ́dún náà, sáré jáde lọ, ọ̀gá rẹ̀ kò sì lè tẹ̀lé e. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ nínú rédíò etí rẹ̀, ó sì dúró dè é. Wiggins gba Tour náà, Froome ṣe ipò kejì. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè pé: ta ló yára jù lọ́dún yẹn gan-an? Ètò kò jẹ́ ká mọ̀.

Àwọn tó ń ráhùn, ohun tí wọ́n ń sọ nìyí. Wọn kò jẹ̀bi.

Nígbà tí ètò pàdé ètò

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Ní 2020, ikọ̀ Jumbo-Visma ti Netherlands ló ń darí Tour. Wọ́n ń fa agbo lórí gbogbo òkè gẹ́gẹ́ bí Sky ti ń ṣe, olórí wọn, Primož Roglič, sì wọ aṣọ yẹ́lò, aṣọ ẹni tó ń ṣíwájú. Nígbà tó ku ìpele méjì kó parí, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 57 ṣíwájú Tadej Pogačar. Ọmọ Slovenia ni àwọn méjèèjì. Ìpele ọjọ́ náà jẹ́ èyí tí olúkúlùkù ń dá sáré, títí dé orí òkè La Planche des Belles Filles. Kò sí ọmọ-ọ̀dọ̀ tó lè ranni lọ́wọ́ níbẹ̀. Pogačar, ọmọ ọdún 21, gba aṣọ náà lára rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 59 ló fi borí nígbẹ̀yìn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dànù ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Jumbo-Visma kò jókòó sunkún. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, 2022, wọ́n padà wá pẹ̀lú ètò mìíràn. Pogačar ló wọ aṣọ yẹ́lò. Dípò kí wọ́n tò bí ọkọ̀ ojú irin, Roglič á sá jáde, Pogačar á lé e bá. Kó tó mí kanlẹ̀, Jonas Vingegaard, ọmọ Denmark, á sá jáde, Pogačar á tún lé e. Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní agbègbè òkè Galibier, nígbà tí òkè tó kẹ́yìn ṣì wà níwájú. Lórí Col du Granon, ẹsẹ̀ Pogačar kọ̀. Vingegaard lọ, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀ láàárín wọn. Òun ló gba Tour ọdún náà.

Ẹ bi àwọn tó wò ó lọ́jọ́ náà bóyá ó sú wọn. Ètò ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ètò náà gan-an ló sì dùn. Láìsí Roglič tó fi ara rẹ̀ rúbọ, Vingegaard lè má borí.

Ètò sì tún lè tàn ẹni tó ní in jẹ. Ní ìdíje àwọn obìnrin ní Òlíḿpíìkì Tokyo, ní oṣù Keje 2021, Netherlands kó àwọn obìnrin mẹ́rin tó lágbára jù láyé wá. Anna Kiesenhofer ti Austria, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò tí kò sí nínú ikọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kankan lọ́dún náà, sá jáde pẹ̀lú àwọn díẹ̀ ní kété tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Kò sí rédíò etí ní Òlíḿpíìkì. Àwọn Netherlands lé àwọn tó kù bá, wọn kò sì mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà níwájú. Annemiek van Vleuten dé òpin, ó na ọwọ́ sókè, ó rò pé òun ló gba wúrà. Kiesenhofer ti dé ṣáájú.

Ọmọ-ọ̀dọ̀ tó dé adé

Ìtàn kan wà tó lè dà wá láàmú sí i. Ní 2023, Jumbo-Visma gba ìdíje ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan ṣoṣo: Roglič gba Giro d'Italia, Vingegaard gba Tour, Sepp Kuss, ọmọ Amẹ́ríkà, sì gba Vuelta a España. Ní Vuelta yẹn, ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta ló bọ́ sọ́wọ́ ikọ̀ kan ṣoṣo. Ṣé ohun kan lè súni ju èyí lọ?

Kò sú ẹnikẹ́ni. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ni Kuss. Lọ́dún náà, ó ti ṣiṣẹ́ fún Roglič ní Ítálì, ó ti ṣiṣẹ́ fún Vingegaard ní Faransé. Ní Sípéènì, ó bọ́ sí iwájú láìrò tẹ́lẹ̀, ó sì wọ aṣọ pupa ti aṣíwájú. Lórí òkè Angliru, àwọn ọ̀gá rẹ̀ méjèèjì fi í sílẹ̀, wọ́n ń sáré lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ló kù kí aṣọ náà bọ́ lára rẹ̀. Àwọn òǹwòran figbe ta: ẹni tó ti ń gbé yín gun òkè láti ọdún mọ́dún, ṣé ẹ̀san rẹ̀ nìyí? Lẹ́yìn náà ni ikọ̀ náà gbà láti dáàbò bo Kuss títí dé Madrid.

Kò sí ikọ̀ mìíràn tó ń bá wọn du adé náà. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a kò mọ ìdáhùn rẹ̀: ṣé wọ́n á ṣe é ní òdodo? Ohun tó mú wa jókòó nìyẹn.

Kí ló ń súni gan-an?

Èrò tèmi rèé. Iyèméjì ni iyọ̀ ọbẹ̀ eré ìdárayá. Nídìí ọpọ́n ayò, a ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ní ọ̀ta, a sì ń pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ọ̀pẹ. Bí ọ̀ta bá ń ta pẹ̀lú ọ̀pẹ, àwọn òǹwòran á túká. Bí ọ̀ta méjì bá pàdé, wọ́n á ṣùrù bò wọ́n. Ọgbọ́n ọ̀ta kò bá ayò jẹ́. Àìrí alátakò tó tó o ló ń bà á jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́. Ẹ wo Pogačar lónìí. Òun kì í fara pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin kankan. Ní ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Kigali, Rwanda, ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà dé ilẹ̀ Áfíríkà, ó dá nìkan wà níwájú fún ju ọgọ́ta kìlómítà lọ. Ìgboyà tí a ní ó sọnù nìyí. Síbẹ̀ àwọn kan tún ń sọ pé ó sú wọn, nítorí wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí.

Owó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìgbà tirẹ̀, Team Sky ń ná ju mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Ẹni tó lè jẹ́ olórí ní ikọ̀ mìíràn, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n fi ṣe ní Sky, nítorí pé wọ́n lè san owó rẹ̀. Ní 2018, UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà, dín àwọn agun-kẹ̀kẹ́ ikọ̀ kan kù láti mẹ́sàn-án sí mẹ́jọ ní àwọn ìdíje ńlá. Sky náà ló tún gba Tour lọ́dún yẹn. Ẹ lè dín iye ènìyàn kù, bí owó kò bá dínkù, kò sí ohun tó yí padà.

Àwọn ikọ̀ kékeré ló ń jìyà rẹ̀. Kò sí owó ìwọlé, orí onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń jẹ. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, wà ní Intermarché-Wanty, ikọ̀ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù tí kò lówó púpọ̀, nígbà tó gba ìpele mẹ́ta ní Tour 2024. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ìpele kan níbẹ̀, ó sì wọ aṣọ àwọ̀ ewé délé. Ní òpin 2025, ikọ̀ náà kò lè dá dúró mọ́. Wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Lotto. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń wó, níbo ni Girmay mìíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ àwọn tó ní kí wọ́n fi gbèdéke sí owó tí ikọ̀ kan lè ná. Ẹ má gba rédíò, ẹ má gba ẹ̀rọ, ẹ má gba ètò lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn náà lè ra ètò tiwọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Edinburgh, ẹ má wo ẹni tó wọ aṣọ yẹ́lò nìkan. Ẹ ka iye ọmọ-ọ̀dọ̀ tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń gba atẹ́gùn àti ẹni tó ń sá fún un. Bí ẹ bá rí ikọ̀ méjì tí kò gbà fún ara wọn, ẹ pe ọ̀rẹ́ yín tó ní kò sí ohun tí a lè wò. Ẹ ní kó máa bọ̀.