Ẹ Tú Púlọ́ọ̀gì Wò Kí Ẹ Tó Gé Owó Dẹ́rẹ́bà

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ Bedford àtijọ́ tó ń lo pẹtiróòlù ní gáréèjì wa kì í tètè jí láàárọ̀. Bó bá sì jí, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kíá, ọ̀gá ní dẹ́rẹ́bà ló bà á jẹ́, wọ́n sì gé owó rẹ̀. Mẹkáníìkì ti ń tú kábúrétọ̀.

Kábúrétọ̀ ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Èmi náà ti ṣe é rí, mo sì fi odidi Sátidé kan ṣòfò. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì ná! Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, tó sì gbẹ, epo ló sábà máa ń pọ̀ jù: ẹ wò ó bóyá ṣóòkù há, tàbí fílítà afẹ́fẹ́ dí. Bó bá funfun, ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ máa yọ́ wọlé níbi gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí kábúrétọ̀. Bó bá rin gbingbin fún epo, ẹ wá iná lọ.

Tiwa rin gbingbin. Kọ́ńtáàtì ti jó, nítorí kọ̀ńdẹ́ńsà ti kú. Dẹ́rẹ́bà wo ló ń fọwọ́ kan kọ̀ńdẹ́ńsà?

Kí wọ́n dá owó ọmọkùnrin náà padà. Láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n tú púlọ́ọ̀gì lójú dẹ́rẹ́bà àti aṣojú ẹgbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé gígé owó.