Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé àti Ewúrẹ́ Ilé Kejì

Tíṣà kan kọ̀wé sí mi pé òun ní ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé tí òun háyà, kò ju yàrá méjì lọ, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀fọ́ tí òun bá gbìn síbẹ̀ lè dín owó ọbẹ̀ kù. Ó ní kí n má fi òótọ́ pamọ́ fún òun. Ó dára, n kò ní í fi í pamọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan nínú rẹ̀ ń tì mí lójú títí di òní.

Ọdún 2023 ni mo bẹ̀rẹ̀ tèmi. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Kò pẹ́ tí ọlọ́kọ̀ fi gbé owó epo lé orí ẹ̀fọ́ tó ń kó wọ ìlú, ẹlẹ́fọ̀ọ́ náà sì gbé e lé wa lórí. Ìyàwó mi, tí ó ń ta abọ́ àti ìkòkò lọ́jà, kò wí nǹkan kan, ó kàn ń da omi sí ọbẹ̀ ni. Èmi ni mo là á lẹ́nu pé, "Ìyá Tólú, láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀yìnkùlé wa ni a ó ti máa já ẹ̀fọ́." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ta ni yóò máa bomi rin ín?" Ẹ ò rí i pé ọlọ́jà mọ ìṣirò ju tíṣà lọ!

Àwọn àgbà inú yín yóò rántí ọdún 1976, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation dìde, tí wọ́n ní kí oníkálukú gbin ohun tí yóò jẹ. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé àti ilẹ̀ ilé-ìwé di oko. Nígbà tó yá, ní ibi púpọ̀, koríko gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Lójú tèmi, ọjọ́ tí a ń kọ ebè kì í ṣe ọjọ́ ìṣòro, gbogbo ènìyàn ló máa ń wá kí wa lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, tí kò sí ẹni tó ń woni, àwọn ni wọ́n ń pa ọgbà.

Tòmátì ni mo fi ṣáájú, nítorí ìwọra. Igi 24 ni mo lọ́ sílẹ̀ nígbà òjò. Wọ́n yọ òdòdó, mo sì ti ń ka iye agbọ̀n tí n ó kó lọ fún Ìyá Tólú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo débẹ̀, mo bá igi márùn-ún tí wọ́n rọ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, bẹ́ẹ̀ ewé wọn kò pọ́n, ó ṣì tutù. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo da omi sí wọn, wọ́n túbọ̀ rọ ni. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, igi mẹ́ta ló kù. Àrùn inú ilẹ̀ ni, kò sì sí oògùn tí a ń wọ́n tí yóò wò ó. Bí ó bá ti mú tòmátì yín, ẹ má ṣe gbin ata tàbí ikàn rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, yóò mú àwọn náà. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn síbẹ̀.

Tẹ̀tẹ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, bí a kò bá sì fà á tu, yóò tún yọ ẹ̀ka. Ewédú kọ́kọ́ kọ̀ láti hù. Ìyá Alákàrà ilé kejì, opó àgbàlagbà kan, ló pè mí pé, "Tíṣà, ẹ di kóró rẹ̀ sínú àkísà, ẹ tì í bọ omi híhó, ẹ ka ení títí dé àrùn-ún, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ tó gbìn ín." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì hù bí irun orí ọmọ tuntun.

Ìyá Alákàrà yìí kan náà ló ni ewúrẹ́.

Mo ti ná ₦18,000 sórí ọparun àti wáyà tí mo fi sọgbà. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló fa wáyà ya níbì kan, ewúrẹ́ sì gba ibẹ̀ wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jẹ ebè tẹ̀tẹ̀ méjì tán, ó wá dùbúlẹ̀ sórí ewédú láti sinmi. Inú bí mi. Mo lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ìyá náà, mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò gbọ́, mo ní bí ewúrẹ́ yẹn bá tún wọ ọgbà mi, yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá. Ohun tí ó sọ kò ju, "Tíṣà, mo ti gbọ́." Láti ọjọ́ náà, kò kí mi mọ́.

Tẹ̀tẹ̀ tún yọ. Kòkòrò ajẹwé wá bò ó, àwọn tó ní àwọ̀ ewé tí ojú kì í tètè rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo mú oògùn tí a fi ń pa aáyán nínú ilé, mo pò ó mọ́ omi garawa, mo fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sórí ẹ̀fọ́. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Nígbà tí mo dé, Ìyá Tólú ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti bá yín parí ìjà o." Ó ti gé tẹ̀tẹ̀ tó dára jù lọ, agbọ̀n kan gbáko, ó ní kí Tólú gbé e lọ fún Ìyá Alákàrà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rántí bí mo ṣe fo gọ́tà. Nígbà tí mo dé ilé kejì, ẹ̀fọ́ ti kúrò nínú omi gbígbóná, ó wà nínú asẹ́, ata ń hó lórí iná, ọmọ-ọmọ ìyá náà méjì sì ti jókòó ti àmàlà. Mo ké pé, "Ìyá, ẹ má jẹ ẹ́!" Ó wojú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́sí ló ń rò. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Kò fèsì. Ó kó ẹ̀fọ́ náà sínú ọ̀rá, ó dì í ní kókó, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ewúrẹ́ mi ńkọ́? N kò rí i láti àárọ̀."

Àwa méjèèjì la jọ wá a kiri. Nígbà tí a bá a lẹ́yìn ilé ọlọ́dúńdún-iṣu tó ń jẹ èèpo, èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀.

Dichlorvos ni oògùn náà. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, síbẹ̀ n kò jìyà kí n tó rí i rà. Kì í ṣe ohun tí à ń wọ́n sórí ewé tí a fẹ́ jẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé fífọ̀ á mú un kúrò. Mo hú gbogbo tẹ̀tẹ̀ náà, mo rì í mọ́lẹ̀. Nísinsìnyí, àárọ̀ kùtù ni mo ń yí ewé wò, tí mo ń fi ọwọ́ ṣa kòkòrò. Mo ń ku eérú sí i nígbà tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Bí kòkòrò bá pọ̀, n óò gún ewé dóńgóyárò, n óò rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, n óò sẹ́ ẹ, n óò fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, n óò sì wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kòkòrò kékeré ló ń ràn jù, bí òjò bá sì rọ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lè lọ béèrè ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ ní Ìdí-Ìṣin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975.

Tíṣà tó kọ̀wé sí mi, ìṣirò rẹ nìyí. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, Ìyá Tólú ní ẹ̀fọ́ tí a jẹ kò ju ₦11,000 lọ lójú ọjà, bẹ́ẹ̀ ọgbà nìkan ti gba ₦18,000. Ìgbà kejì ni èrè tó wọlé, nítorí ọgbà ti wà. Gbin ebè méjì, tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, sún wọn mọ́ ibi tí omi wà. Bí ó bá jẹ́ omi rírà ni ìwọ yóò máa bù sí wọn lẹ́ẹ̀rùn, fi wọ́n sílẹ̀ títí òjò yóò fi dé.

Ìyá Alákàrà ti ń kí mi báyìí. Ó ń fi àkàrà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi ní àárọ̀ Sátidé, a sì ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò tíì gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi rí.