Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tó Ń Dé Lójijì

Ọ̀rọ̀ ìlera wa lóṣù yìí dá lórí àìsàn kan tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Pheochromocytoma ni àwọn dókítà ń pè é.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan, ó dé e bíi fìlà. Ibẹ̀ ni oje tí wọ́n ń pè ní adrenaline ti ń wá, èyí tó ń mú kí àyà wa já bí a bá rí ejò. Bí kókó bá yọ níbẹ̀, ó lè máa tú oje yìí sínú ẹ̀jẹ̀ láìsí ejò, láìsí ìjà. Ẹ̀fọ́rí líle á dé lójijì, òógùn á bo ènìyàn, àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Láìpẹ́, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ara rẹ̀ lè ti balẹ̀. Abájọ tí àwọn kan fi ń sọ pé aráyé ló ń bá wọn jà! Ẹ gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní kókó yìí rárá. Ẹni tó yẹ kó béèrè ni ẹni tí irú nǹkan báyìí ń kọlù, ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí ẹni tó ń lo oríṣi oògùn mẹ́ta tí kò sì wálẹ̀. Wọn á ní kó tọ́jú gbogbo ìtọ̀ wákàtí 24 sínú ike, tàbí kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láti wọn metanephrine inú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, CT scan tàbí MRI á fi ibi tí kókó wà hàn.

Iṣẹ́ abẹ ni ìwòsàn rẹ̀. Charles Mayo ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1926. Lónìí, ihò kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kì í kánjú. Phenoxybenzamine tàbí doxazosin ni wọn á kọ́kọ́ fún aláìsàn fún bí ọjọ́ 7 sí 14, wọn á sì ní kó máa mu omi dáadáa, kó máa jẹ iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, iyọ̀! Ẹni tí dókítà kò bá sọ fún, kó má dán an wò. Ẹ má sì lọ ra propranolol fúnra yín ní kẹ́míìsì: bí òun bá ṣáájú, ẹ̀jẹ̀ lè ru kọjá àlà.

Ó tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní in tí ó jẹ́ àjogúnbá, nítorí náà dókítà lè pe ọmọ àti àbúrò wá fún àyẹ̀wò. Aláìsàn fúnra rẹ̀ á máa padà lọ lọ́dọọdún, torí kókó náà lè tún yọ lẹ́yìn ọdún pípẹ́.