Ìrìn Kékeré Ṣáájú Àjò Ńlá

Kì í ṣe ohun tuntun ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Emùré àti ní àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù Èkìtì pé kí ilé-ẹ̀kọ́ girama kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn nígbà ìsinmi gígùn tí ó wà láàrin oṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án. Àwọn mìíràn a gba Ilé-Ifẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn a dé Èkó, wọn a sì kọjá sí Àgbádárìgì láti wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Ìmúra fún irú àjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Olùkọ́ ń ka owó, òbí ń wá aṣọ, awakọ̀ ń yẹ táyà wò. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń fojú fò dá: ta ni ó ti wádìí bóyá àwọn tí yóò jọ wọkọ̀ mọ ara wọn? Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìrẹ́pọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò jù lọ. Nítorí náà, ó tọ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú àjò ńlá, kí gbogbo kíláàsì jọ jáde lọ sí ibi tí kò jìnnà.

Ẹnikẹ́ni lè bèèrè pé, "Ṣé àwọn ọmọ tí wọ́n ti jọ jókòó ní kíláàsì kan fún ọdún mẹ́ta kò tíì mọ ara wọn ni?" Wọ́n mọ orúkọ ara wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó. Nínú kíláàsì, àga ti ya olúkúlùkù sọ́tọ̀, agogo ni ó sì ń pàṣẹ. Ẹni tí ó mọ ìṣirò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lè jẹ́ ẹni tí kò lè bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tí kì í sábà sọ̀rọ̀ lè jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù lọ nígbà tí ìdààmú bá dé. Ìwé kì í fi èyí hàn. Ọ̀nà ni í fi í hàn.

Ẹ wo Òkè Ọlọ́sùnta tí ó dúró gbọnin-gbọnin ní ìlú Ìkẹ́rẹ́. Ibi ọ̀wọ̀ ni òkè náà, nítorí ọdún Ọlọ́sùnta tí àwọn ará ìlú ń ṣe lọ́dọọdún. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ó tó kó ọmọ dé ẹsẹ̀ òkè. Bí ẹgbẹ́ náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò ní pẹ́ tí ìwà yóò fi fojú hàn. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá yóò ti lọ jìnnà láìbojú wẹ̀yìn. Ẹnì kan yóò ti mu omi rẹ̀ tán kí oòrùn tó gbóná. Okùn bàtà ẹlòmíràn yóò já, ojú yóò sì tì í láti wí. Olùkọ́ tí ó gbọ́n kò ní pariwo. Yóò ní kí àwọn tí ó wà níwájú dúró, kí ẹni tí ń rọra rìn jù lọ bọ́ síwájú, kí ìṣísẹ̀ rẹ̀ di ìṣísẹ̀ gbogbo ẹgbẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ náà ni ọmọdé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí àgbà ṣe ń wo ẹ̀yìn. Àṣìṣe tí a ṣe ní ẹ̀gbẹ́ òkè nílé kò ṣòro láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Èkó, tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yíyá ti wọkọ̀ tán, tí a kò sì rí ọmọ kan mọ́ láàrin èrò, ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá ọmọ?

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni í so ènìyàn pọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Nínú àáró, wọn a jọ ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Nígbà tí yóò bá sì fi kárí, olúkúlùkù ti mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹni tí ó tètè ń rẹ̀, àti ẹni tí ń fi orin mú iṣẹ́ rọrùn. Irú ọgbọ́n kan náà ni a lò ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Man O' War Bay, tí a dá sílẹ̀ ní 1951 ní etí òkun Kamẹrúùnù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà. Alec Dickson ni ó ṣe olórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ara wọn rí ni ó pàdé níbẹ̀, tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ agbára, tí wọ́n sì jọ gun Òkè Kamẹrúùnù, èyí tí gíga rẹ̀ ju 4,000 mítà lọ. Ọlọ́sùnta kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó lè gun òkè. Bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí ẹni tí ikọ́-fée ń yọ lẹ́nu bá wà nínú kíláàsì, kí gbogbo wọn lọ sí ibi tí òun náà lè dé. Àwọn ará Emùré lè lọ sí Ìsẹ̀, nítorí kò jìnnà sí wọn. Ní Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, gbé ṣiṣẹ́ ní ààfin Arínjálẹ̀ títí ó fi kú ní nǹkan bí 1938. Òun ni ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. A gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní London ní 1924. British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gba àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti jọ gbọ́ ìtàn yìí nílé, tí wọ́n wá dé ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní Oníkan ní Èkó ní 1957, kò ní kọjá níwájú ère bí ẹni tí kò ríran. Wọn yóò ní ohun tí wọn yóò jọ máa jiyàn lé lórí.

Àwọn òbí kan yóò wí pé owó àjò ńlá ti pọ̀ tó, kò yẹ kí a tún fi òmíràn lé e. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rán aṣọ tuntun fún ìjáde kékeré. Kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí ẹsẹ̀ lè dé, kí wọ́n sì gbé iṣu bíbọ̀ àti ẹ̀pà dání. Àwọn mìíràn yóò bẹ̀rù ewu, nítorí òjò oṣù Keje a máa mú òkúta yọ̀. Kí a lọ ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ gbẹ. Bí òjò bá ṣú, kí a padà láìjiyàn. Ìgbọràn yẹn pàápàá jẹ́ ara ẹ̀kọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó ju gbogbo èyí lọ. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, a máa ń rí àwọn tí òbí wọn kò lè san owó àjò ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ Èkó ni ìrẹ́pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, a ti fi owó dí ọ̀nà ọ̀rẹ́ mọ́ wọn. Àwọn tí ó lọ yóò kó àwàdà tí àwọn nìkan mọ̀ bọ̀ wálé, àwọn tí kò lọ yóò sì di àlejò nínú kíláàsì tiwọn. Ìjáde kékeré jẹ́ ti gbogbo wọn. Níbẹ̀ ni ọmọ olówó àti ọmọ tálákà yóò ti jọ jẹ iṣu kan náà. Bí wọ́n bá sì rí i pé ẹnì kan tí wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀ kò rí owó san, kí ni ó dé tí ẹgbẹ́ kò fi ní ṣe àáró fún un, kí wọ́n jọ gba iṣẹ́ oko ní ọjọ́ Sátidé méjì, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ dí èyí tí ó kù?

Nígbà tí wọ́n bá padà délé, kí olùkọ́ pín àwọn tí ń lọ sí méjì-méjì, kí ó fi ẹni tí ń rọra rìn ti ẹlẹ́sẹ̀ yíyá, kí olúkúlùkù sì máa wá ẹnì kejì rẹ̀ ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti òbí ka ọjọ́ kan yìí mọ́ ara àjò, bí wọ́n ti ń ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọwọ́ méjì tí kò sì mọ ara wọn kò lè gbé e jìnnà.