Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ṣé kì í ṣe Costain ni gbogbo wọn gbà?

Bí o bá fẹ́ ti Sùúrùlérè lọ sí CMS, ó máa ń dà bí ẹni pé ọ̀nà pọ̀. O lè wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba kó gba Western Avenue. O lè lọ wọ̀ ọ́ ní Orílé kó gba Ìgànmú. Ṣùgbọ́n kí tírélà ṣubú ní Costain láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí o tó gun Afárá Èkó: ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan náà, kò sí èyí tó ń lọ.

Ìṣirò inú project ìparí ẹ̀kọ́ wa ló mú mi sọ èyí. Wọ́n kọ́ wa pé kí a fi àwòṣe oníṣirò díwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó. Bí okùn íntánẹ́ẹ̀tì kan bá ń já lọ́jọ́ 1 nínú 100, àwòṣe á ní méjì á jọ já lọ́jọ́ 1 nínú 10,000. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ó di ọjọ́ 1 nínú 100,000,000, ìyẹn ju 270,000 ọdún lọ. Ta ni ò ní fún irú project yẹn ní A?

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Transfer há láwọn báńkì wa, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ nílẹ̀. MainOne ní ó jọ pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló mì. Olówó okùn yàtọ̀ síra, àmọ́ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n gbà. Abidjan ni Costain wọn. Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò sí nínú àwọn tó já. Òun ló wá di Third Mainland fáwọn tó rí àyè gbà níbẹ̀.

Ìṣirò yẹn kò purọ́. Ohun tí a gbà gbọ́ kí a tó ṣe é ló purọ́: a rò pé ohun tó já okùn kan kò lè kan èkejì. Bí ewu àjọni kan bá lè já gbogbo wọn lọ́jọ́ 1 nínú 1,000, kódà kí okùn pé 20, a ò lè ṣe dáadáa ju ìyẹn lọ.

Ti ààbò tún le jù bẹ́ẹ̀. Àdánù lè ṣèèṣì wáyé, àmọ́ olè a máa yan ibi tó máa wọlé. Bí server mẹ́ta bá ń lo password alábòójútó kan náà, Costain ni yóò gbà lọ tààrà.

Àwọn kan á ní ká kúkú da àwòṣe nù. Rárá o, láìsí rẹ̀, àfojúbù lásán la ó máa ṣe. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí gbogbo project ní ojú ìwé kan tó sọ ohun tí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ jọ ń lò: iná kan náà, jẹnẹrétọ̀ kan náà, password kan náà, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ẹ bi àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún yín náà: níbo ni Costain yín wà? Kí wọ́n dáhùn ìyẹn ná, ká tó ka iye ọ̀nà.