Àtúnṣe fún Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Ilé: Ṣé Kí A Gbà Á?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni bàbá fi ń sanwó ní báǹkì, òun náà ni ọmọ sì fi ń gba géèmù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí rẹ̀ náà ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti pa gbogbo àtúnṣe, nítorí a ní ó ń jẹ dátà. Èmi kò fara mọ́ èyí, pàápàá ní ti microcode, àwọn àṣẹ kéékèèké tí ń darí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, láti inú wá.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2018 ni àwọn olùwádìí, tí àwọn ti Google àti ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ìlú Graz ní Austria wà lára wọn, fi àbùkù Meltdown àti Spectre han aráyé. Processor òde òní kì í dúró de àṣẹ. Ó máa ń méfò iṣẹ́ tí ó kàn, yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àbá rẹ̀ bá kùnà, yóò da iṣẹ́ náà nù, ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ kì í parẹ́ tán. Ètò tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè ti ara ipa yìí yọ́ ka ọ̀rọ̀ aṣínà bàbá. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, inú búlọ́ọ̀kù gan-an ni ihò wà. Àtúnṣe Windows nìkan kò sì tó fún apá kan Spectre. Ó ń fẹ́ microcode tuntun.

Àwọn tí ń bẹ̀rù kò ṣàìní ẹ̀rí. Microcode àkọ́kọ́ tí Intel gbé jáde mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan máa kú, kí wọ́n sì máa tan fúnra wọn, títí Intel fi ní kí a dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Wọ́n ṣe òmíràn lẹ́yìn náà.

Iná ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Bí a bá ń fi microcode sí i láti inú BIOS, tí iná sì lọ láàárín, kọ̀ǹpútà lè kú pátápátá. Ṣùgbọ́n èyí tí Windows tàbí Linux ń gbé wá kò rí bẹ́ẹ̀: a máa ń gbé e wọlé nígbàkúùgbà tí a bá tan ẹ̀rọ, yóò sì pòórá bí a bá pa á. Ẹ gba ti èyí. Ti BIOS, ó di ìgbà tí bátìrì bá kún tí inverter sì dúró ṣinṣin.

Ọ̀ràn tòkunbọ̀ àtijọ́ tún le díẹ̀. Ní ọdún 2018 kan náà ni Intel kéde pé òun kò ní ṣe microcode Spectre fún àwọn processor àtijọ́ kan. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ báǹkì kúrò lórí rẹ̀.